Ọdún 2025: "Ta ló wá ń rò ó?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ewu ọdún. Ó ti pẹ́ tí mo kọ nǹkan gbẹ̀yìn, àwọn kan nínú yín sì mọ ìdí ẹ̀. Mo gbìyànjú láti to oṣù méjìlá yìí jọ bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n oṣù kejì àti oṣù kẹsàn-án nìkan ló dúró. Àwọn yòókù dà bí ọ̀nà téèyàn sùn kọjá nínú mọ́tò.

Nínú oṣù kejì, mo wà nílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lábẹ́ àtíbàbà tí Màmá ti ń yan gàrí. Ẹ mọ ibẹ̀. Páànù orí ẹ̀ ti lu káàkiri. Tí oòrùn àárọ̀ bá gba ojú ihò wọ̀nyẹn wọlé tó bá èéfín pàdé, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ tó na tààrà bí okùn. Màmá fẹ̀gbẹ́ kọ iná, àfọ́kù igbá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń rò ó, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbada, ó ń kó o padà. Ṣàà, ṣàà, ṣàà. Kì í tilẹ̀ wo ọwọ́ ara ẹ̀.

Mò ń ròyìn WASP-121b fún un. Pílánẹ́ẹ̀tì ńlá ni, ó tóbi ju Júpítà lọ, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ìràwọ̀ ẹ̀ débi pé nǹkan bíi wákàtí 30 péré ló fi ń yí i po. Ọdún kan tiẹ̀ nìyẹn. Ojú kan náà ló sì ń kọ sí ìràwọ̀ yẹn nígbà gbogbo, bí òṣùpá ṣe ń kọ ojú kan sí wa. Níbi tó kọ síná, irin ń di oru. Ẹ̀yìn ẹ̀ kò rí oòrùn rí.

Màmá ní, "Ojú kan ṣáá?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Á jóná níhìn-ín, á tutù lọ́hùn-ún. Ta ló wá ń rò ó?"

Nínú oṣù yẹn gan-an ni ìdáhùn dé. Àwọn onímọ̀ pa ìmọ́lẹ̀ awò-awọ̀nàjíjìn ńlá mẹ́rin pọ̀ ní orílẹ̀-èdè Chile, wọ́n sì rí bí afẹ́fẹ́ WASP-121b ṣe tò lé ara wọn láti ìsàlẹ̀ dókè. Nísàlẹ̀, ìjì tó gbé oru irin ń fẹ́ láti ibi gbígbóná lọ síbi tútù. Lókè ìyẹn, ìjì mìíràn tó gbé sódíọ̀mù ń sáré yí àárín pílánẹ́ẹ̀tì náà ká. Háídírójìn wà lókè pátápátá. Afẹ́fẹ́ ló ń rò ó. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ rin nǹkan bí 900 ọdún kó tó kàn wá, ìbéèrè tó sì bi wá ni Màmá bi mi nídìí agbada.

Ó tún bèèrè bí wọ́n ṣe rí ìjì tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Mo ní bí pílánẹ́ẹ̀tì náà bá ń kọjá níwájú ìràwọ̀, díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ á gba inú afẹ́fẹ́ etí ẹ̀ kọjá. Irin á mú àwọ̀ tirẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà, sódíọ̀mù á mú tirẹ̀. Bí àwọ̀ tó sọnù yẹn bá yẹ̀ díẹ̀, a ó mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tàbí ó ń lọ. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní òun náà ń ka èéfín. Òótọ́ sì ni: láti ẹnu géètì ló ti máa sọ fún yín bóyá igi kòkó ni wọ́n ń dá, bóyá rọ́bà ni.

Pílánẹ́ẹ̀tì tèmi, èyí tí mo fi ṣe iṣẹ́ mástàs mi, ẹ mọ̀ ọ́n, WASP-12b ni. Wákàtí 26 ló fi ń yí ìràwọ̀ tiẹ̀ ká. Ìràwọ̀ yẹn ń fà á mọ́ra: pílánẹ́ẹ̀tì náà ń ru ara ìràwọ̀ sókè bí òṣùpá ṣe ń ru omi òkun, agbára tó yẹ kó fi máa rìn sì ń ṣòfò síbẹ̀. Nítorí náà ó ń sún mọ́ iná. Lọ́dọọdún, àkókò tó fi ń yípo ń fi ìdá 29 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan dín. Kò tó ìṣẹ́jú ojú, ṣùgbọ́n ó ń ga lérí ara ẹ̀ bí èlé: láàárín ọdún 10, pílánẹ́ẹ̀tì náà á ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 yá ju bí a ṣe retí ẹ̀ lọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ọdún ló kù fún un. Nígbà tí mo sọ ìyẹn fún Màmá, ó ní, "Ó ṣì pẹ́. Jẹ ẹ̀bà ẹ."

Oṣù kẹfà, Ojúde Ọba, ẹ rí fọ́tò. Ní July 13, Awùjalẹ̀ wàjà. Láti 1960 ni Kábíyèsí ti wà lórí oyè. Màmá ní ọba kan ṣoṣo ni òun fi dàgbà tí òun fi darúgbó. Kò yan gàrí lọ́sẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni oṣù kẹsàn-án dé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ìbàdàn ni mo wà, mo ti pa ohùn fóònù láti òru kí n lè parí kíka àkókò WASP-12b. Nígbà tí mo jí, ọ̀sán ti fẹ́ pọ́n, Ìyá Ìbejì ti pè mí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Mọ́tò tí mo wọ̀ dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́. Wọ́n ti kó erùpẹ̀ bo Màmá. Èmi tí mò ń ka ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ìbejì fún yín. Ní ọjọ́ kẹjọ, Táyé ní òun ti fún pílánẹ́ẹ̀tì mi lórúkọ, "Agbada". Kẹ́hìndé ní kò dáa, kí ó máa jẹ́ "Ẹ̀bà Gbígbóná". Wọ́n jà títí tí ọ̀kan fi bọ́ bàtà èkejì sínú kànga. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn.

Nínú oṣù kẹwàá ló pé 30 ọdún tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, Mayor àti Queloz, kéde 51 Pegasi b, pílánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí wọ́n rí lọ́dọ̀ ìràwọ̀ tó dà bí oòrùn wa, tó ń yí ìràwọ̀ ẹ̀ ká ní ọjọ́ mẹ́rin àti díẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2019. Mo fẹ́ kọ̀wé gígùn lórí ẹ̀, ọwọ́ mi kò gbé e. Ní oṣù kọkànlá mo gbèjà iṣẹ́ mástàs mi, mo sì yege, Alhamdulilahi. Ọ̀kan nínú àwọn tó dán mi wò bi mí pé kí ló ń pín ooru káàkiri irú pílánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Mo dákẹ́ fúngbà díẹ̀ kí n tó lè dáhùn.

Ọ̀gá mi, mo dúpẹ́. Ẹ ò bínú sí mi fún gbogbo ọ̀sẹ̀ tí n kò kọ ìlà kan. Ẹ̀yin tí ẹ ra détà ránṣẹ́ sí mi, tí ẹ sì wá ṣe fídáù pẹ̀lú wa, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti kọ̀wé sí ibi méjì fún oyè ọ̀mọ̀wé. Bó bá bọ́ sí i, ẹ ó gbọ́. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ilé ni mo wà báyìí. Ìyá Ìbejì ló gba àfọ́kù igbá yẹn. Láàárọ̀ òní, kí n tó wọ géètì, mo dúró, mo wo èéfín tó ń gba ojú páànù jáde, mo fi imú fà á. Mo kígbe sókè pé igi kòkó ni. Ìyá Ìbejì bẹ ìdí ààrò wò, ó ní rọ́bà ni.