Kí ni kápúsù yìí ṣì ń ṣe nínú ike Màmá?

Kò sí ilé àgbàlagbà tí ẹ máa wọ̀ ní Ìjùmú níbí tí ẹ ò ní bá ike oògùn. Ike bọ́tà ni ti Màmá mi. Ti ẹlòmíràn lè jẹ́ páálí bàtà, tàbí ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi kọ́ ìṣó. Oògùn kì í pẹ́ wọ ibẹ̀, jíjáde ló máa ń nira. Dókítà kan á kọ ọ́ ní Lọ́kọ́jà, nọ́ọ̀sì kan á fi òmíràn lé e ní Kábbà, ọmọ tó wà l'Ábújá á tún fi fítámì ránṣẹ́. Ta ló máa wá jókòó kó béèrè èyí tó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀?

Omeprazole, kápúsù tó ń dín ásíìdì inú kù, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mílígíráàmù 20 ni Màmá ń lò, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ó sì ti tó ọdún mélòó kan. Mo bi í pé kí ló ń lò ó fún.

"Ṣé ìwọ náà ò mọ̀ pé mo ní ulcer ni?"

Mo tú gbogbo káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ulcer sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni orúnkún. Nígbà tí orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n fún un ní diclofenac, oògùn ìrora, wọ́n sì fi omeprazole tì í kí diclofenac má baà dá egbò sí i nínú. Ìyẹn bọ́ sí i. Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ru, wọ́n ní kó jáwọ́ nínú diclofenac, ó sì jáwọ́. Kò sẹ́ni tó rántí kápúsù. Ẹni tí wọ́n gba ọdẹ fún ti kó kúrò nílé tipẹ́, ọdẹ ṣì ń gba owó oṣù lẹ́nu géètì.

N kì í ṣe ọ̀tá omeprazole o. Kó tó dé ọjà ní 1988, iṣẹ́ abẹ ni ọgbẹ́ inú mìíràn máa ń já sí. Àwọn pọ́ǹpù kéékèèké kan wà lára ògiri àpòlúkù tó ń tú ásíìdì jáde. Àwọn yẹn ni omeprazole ń tì pa, kí egbò lè ráyè jinná. Fún ọ̀pọ̀ àìsàn inú, ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 ti tó. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi ásíìdì síbẹ̀ lásán. Òun ló ń pa kòkòrò inú oúnjẹ, òun ló ń bá ara yọ fítámì B12 àti irin inú ohun tí a jẹ. Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ti ṣèkìlọ̀ lórí irú oògùn yìí: ní 2010 nípa egungun tó ń dá, ní 2011 nípa magnesium tó ń lọ sílẹ̀ lára àwọn tó bá lò ó pẹ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ egungun yẹn kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ sá, nítorí àwọn tó ń lò ó pẹ́ sábà máa ń jẹ́ àgbàlagbà tó ní àìsàn mìíràn lára. Àmọ́ ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ṣì ń gbé igbá lọ sọ́jà, kí ló fẹ́ fi ewu tí kò ní èrè ṣe?

A kó ike lọ sọ́dọ̀ dókítà. Màmá kí i ní "Ọ̀kun o", ìkíni ilẹ̀ wa; ọmọ Yàgbà ni dókítà náà, ó dáhùn dáadáa, inú Màmá sì ti dùn kí wọ́n tó débi ọ̀rọ̀ oògùn.

"Màmá, kí lẹ ń lo eléyìí fún?"

"Ẹ̀yin dókítà náà lẹ ní kí n máa lò ó."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Màmá má kàn jù ú nù lọ́jọ́ kan. Kó kọ́kọ́ yọ ti alẹ́ kúrò, kó máa lo ti àárọ̀ nìkan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí kó tó jẹun, lẹ́yìn náà kó wá dá a dúró. Ìdí ni pé, bí oògùn ṣe ń ti pọ́ǹpù pa, bẹ́ẹ̀ ni ara ń tú họ́mọ́ònù kan tí wọ́n ń pè ní gastrin jáde láti wá ásíìdì sí i, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ásíìdì á sì máa gbilẹ̀. Lọ́jọ́ tí oògùn bá kúrò lọ́nà, gbogbo wọn á dìde síṣẹ́ pọ̀. Àwọn olùwádìí ní Denmark dán èyí wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Èèyàn 120 tí inú kì í yọ lẹ́nu ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní esomeprazole, ọmọ ìyá omeprazole, fún ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo oògùn ló ń ráhùn àyà títa àti inú kíkan. Láàárín àwọn tó kù, 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ gbọ́ o: àwọn tí kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí àyà Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ta lẹ́yìn tó dá a dúró, tó ń pariwo pé, "Ṣé o rí i? Mo ní mo ní ulcer!", ọkàn mi balẹ̀. Oògùn olómi funfun tí wọ́n ń mì jìgìjìgì ni dókítà ní kó máa fi pa iná ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún ní kó má jẹ iyán lálẹ́ kó sì sùn lé e, àti pé ká fi búlọ́ọ̀kù gbé apá ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì sókè. Ti iyán, ó gbà, pẹ̀lú ìkùnsínú. Ti búlọ́ọ̀kù, ó kọ̀ jálẹ̀: "Ṣé kí n máa sùn bí ẹni tó ń yọ̀ bọ̀ láti orí òkè Ògìdì?"

Lẹ́yìn tí ara rọlẹ̀, wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò bóyá H. pylori wà níbẹ̀, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú. Barry Marshall, dókítà ará Ọsirélíà, gbé e mu ní 1984 kí ayé lè gbà á gbọ́. Òun àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2005. Omeprazole lè bo kòkòrò yìí mọ́lẹ̀ kí àyẹ̀wò má rí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí Màmá ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán. Wọn ò bá a lára rẹ̀.

Ìròyìn wá dé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi pé ìyàwó wa ti bọ́ lọ́wọ́ kápúsù, òun náà fẹ́ da tirẹ̀ nù. Mo sáré pè é. Mo ní, "Ẹ ń lo aspirin nítorí rọpárọsẹ̀, ẹ sì ti yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà rí tí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára. Ọdẹ tiyín ṣì ní ẹni tó ń ṣọ́." Ó ní ṣé òun á máa lò ó títí ayé ni? Mo ní bí aspirin bá ṣì wà, bẹ́ẹ̀ ni, àfi tí dókítà bá sọ nǹkan mìíràn. Irú wọn, àti ẹni tó ń pọ ẹ̀jẹ̀, tó ń rù láìnídìí, tàbí tí oúnjẹ ń há lọ́fun, kì í ṣe ẹni tó ń dán èyí wò nílé.

Màmá kì í lò ó mọ́. Ó ku hóró pupa kan nínú ike tí kò sí lórí káàdì kankan. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan nílé ìjọsìn ló fún òun, ó dẹ̀ dáa fún ẹsẹ̀. Dókítà ti ní ká mú un wá.