Ilé Àtijọ́ Tí Mo Ń Tún Ṣe fún Ayálégbé: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé Báyìí

Ilé ilẹ̀ kan tí a pín sí ibùgbé méjì ni mo rà, kì í ṣe láti gbé inú rẹ̀, bí kò ṣe láti tún un ṣe kí n sì fi í háyà. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi wà lọ́tọ̀, nítorí náà ìgbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ ni mo ń ṣe é. Ohun tí ó bá gba ọgbọ́n oníṣẹ́ ni mo ń gbé fún bíríkìlà, kápẹ́ńtà, pulọ́ḿbà àti oníná, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù ni mo ń fi ọwọ́ ara mi ṣe. Ìpinnu tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí omi ń gbà ni n óò máa tẹ̀ lé, láti orí òrùlé títí dé ìdí ìpìlẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí ó ń sọ ilé di ahoro, omi ni olórí. Òun ni ó ń mú kí igi jẹrà, kí irin dípẹtà, kí ọ̀dà sì bó, ibi tí ọ̀rinrin bá sì wà ni ìkán máa ń wá.

Kí owó tó jáde

Ìwé ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó wo ògiri. Agbẹjọ́rò bá mi ṣàyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ilẹ̀ náà lọ́dọ̀ ìjọba, kí a lè mọ̀ bóyá orúkọ ẹni tí ó ń tà á ni ó wà níbẹ̀, bóyá wọ́n ti fi ilé náà dúró fún gbèsè ní báńkì, àti bóyá ẹjọ́ kankan wà lórí rẹ̀ ní kóòtù. Ẹ̀yìn èyí ni mo tó ṣírò.

Àwọn tí wọ́n ń ra ilé, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n sì ń tà á, ní òdiwọ̀n kan tí wọ́n sábà máa ń lò: wọ́n á mú ìdá 70 nínú 100 iye tí ilé náà yóò tó lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n á yọ owó àtúnṣe kúrò nínú rẹ̀, ohun tí ó bá kù ni wọ́n gbọ́dọ̀ san, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé yóò bá tó 100 nígbà tí ó bá parí, tí àtúnṣe yóò sì gba 20, a jẹ́ pé 50 ni. Òdiwọ̀n náà kò burú, ṣùgbọ́n ti ẹni tí yóò tà ni. Ẹni tí yóò fi ilé háyà gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè iye tí yóò kù sí i lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Kí a gbà pé owó tí a fi ra ilé àti owó àtúnṣe jẹ́ 100 lápapọ̀, tí owó ilé ọdún kan sì jẹ́ 9. Ó dùn létí, àmọ́ bí ilé bá ṣófo fún oṣù kan péré, 0.75 ti bá a lọ, kí a tó wá yọ owó orí ilé, owó adójútòfò àti owó tí a ó máa tọ́jú de àtúnṣe. Bí 6 bá kù, mo gbà pé ilé náà ń ṣiṣẹ́ fún mi. Mo tún fi ìdá 15 nínú 100 kún owó àtúnṣe tí mo ṣírò, nítorí ohun tí a kò lè rí àfi tí a bá ya ògiri.

Òrùlé

Apá yìí ti parí, àfi gọ́tà ẹ̀yìn tí ó kù. Ibi tí omi ti jò sí àjà kọ́ ni ó sábà ti ń wọlé. Ó lè gba òkè wọlé, kí ó tọ ara igi sọ̀ kalẹ̀, kí ó tó wá kán síbi tí ó jìnnà sí ihò náà. A gun inú àjà lọ́sàn-án gangan, a pa iná, a sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yọ. Ojú ìṣó àti ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri ni púpọ̀ nínú wọn wà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ní àárín páànù rárá. Mo fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún àwọn igi òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí irin bá wọ̀ láìjà ni kápẹ́ńtà yọ, tí ó sì fi tuntun dípò rẹ̀.

Páànù asbestos àtijọ́ ni wọ́n fi bo apá ẹ̀yìn. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kàn án tàbí kí ó fọ́ ọ, nítorí pé eruku rẹ̀ tí ènìyàn bá fà símú lè di àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Àwọn tí wọ́n ní ìwé àṣẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wọ́n omi sí i, tí wọ́n tú u lódindi, tí wọ́n sì kó o lọ. Owó wọn ga, n kò sì wá ẹni tí owó rẹ̀ yóò rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ògiri

Ibí ni iṣẹ́ wà. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní tèmi, omi ni mo ń ṣọ́, kì í ṣe aláǹgbá. Kì í ṣe gbogbo ìlà tí ó bá sán lára ògiri ni ó yẹ kí ó kó ìpayà báni. Èyí tí kò nípọn tó mílímítà 1 sábà máa ń mọ sínú símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, a ó dí i, a ó sì kun ọ̀dà lé e. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá dá gẹ̀ẹ́rẹ́ gba igun fèrèsé, tí ó la bíríkì fúnra rẹ̀ já, tí ó sì fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ó ń sọ fún wa pé ìpìlẹ̀ ti rì níbì kan. Irú rẹ̀ kan wà ní igun ẹ̀yìn ilé yìí. Mo fi símẹ́ǹtì díẹ̀ dí i lójú ní ibi mẹ́ta, mo kọ déètì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ gbẹ àti nígbà tí òjò pọ̀. Bí èyíkéyìí bá sán, a jẹ́ pé ògiri ṣì ń rìn. Kò sí èyí tí ó sán. Ẹnjiníà tí mo pè wò ó, ó wo ilẹ̀, ó sì nawọ́ sí páìpù tí ń gbé omi òjò sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé: ó ti fọ́ nísàlẹ̀, gbogbo ọ̀sọ̀rọ̀ apá ibẹ̀ ni ó sì ti ń dà sí ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. A tún páìpù náà ṣe, a la ojú ọ̀nà fún omi kí ó jìnnà sí ilé, lẹ́yìn náà ni bíríkìlà tó tẹ́ ọ̀pá irin sínú ìsopọ̀ bíríkì láti di apá méjèèjì mú. Bí a bá kọ́kọ́ dí ògiri kí a tó tún páìpù ṣe, owó yẹn ì bá lọ lásán.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀. Ọ̀rinrin tí ó ń ti ilẹ̀ fà gòkè kì í sábà kọjá mítà 1, ó sì máa ń fi iyọ̀ funfun sílẹ̀ níbi tí ó bá dé. Èyí tí ó ń ti ìta wọlé máa ń le sí i lẹ́yìn òjò. Èyí tí èémí àti ooru inú ilé ń dá sílẹ̀ máa ń wà ní igun àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú àmì dúdú. Ohun kan náà kọ́ ni ó ń wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sàn. Ní ibùgbé kejì, ti ilẹ̀ ni. Wọ́n ti kó yẹ̀pẹ̀ jọ síta títí ó fi bo ìpele tí wọ́n tẹ́ sínú ògiri láti dá omi dúró, wọ́n sì ti kun ọ̀dà olóròóró sínú ilé láti fi bò ó mọ́lẹ̀, ìyẹn ni omi kò ṣe rí ibi jáde, tí ó sì ń gòkè sí i. A wa yẹ̀pẹ̀ náà kúrò títí ó fi wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 nísàlẹ̀ ìpele náà, a sì họ símẹ́ǹtì inú ilé kúrò títí ré kọjá ibi tí iyọ̀ dé.

Nísinsìnyí, dídúró ni ó kù. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ sábà máa ń sọ ni pé ògiri bíríkì máa ń gba nǹkan bí oṣù kan láti gbẹ fún mílímítà 25 ìnípọn rẹ̀, a jẹ́ pé ògiri onímílímítà 230 lè gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Inú kì í dùn láti máa wo ilé tí kò tíì pa owó, ṣùgbọ́n ayálégbé tí ọ̀dà bá ń bó sí lórí aṣọ kò ní pẹ́ kó kúrò, ilé yóò sì tún ṣófo. Nítorí náà ni mo ṣe yí ètò padà: ibùgbé àkọ́kọ́, tí ó gbẹ, ni n óò parí tí n óò sì fi sí ọwọ́ ayálégbé, kí owó rẹ̀ máa gbé ìkejì.

Páìpù, wáyà àti balùwẹ̀

Páìpù irin àtijọ́ ti dípẹtà nínú débi pé ojú ihò rẹ̀ kò ju ìka lọ. Gbogbo rẹ̀ ni a pààrọ̀ sí oníke, a fi omi kún un pẹ̀lú agbára, a sì wò ó bóyá yóò dínkù kí a tó bo ògiri. Wáyà onímílímítà onígun mẹ́rin 2.5 ni oníná lò fún ihò iná, 1.5 fún gílóòbù, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń gé iná bí iná tí ó tó 30 mílíáḿpù bá jò. Mo ya fọ́tò gbogbo ògiri pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lára rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, kí ẹni tí yóò bá kan ìṣó lọ́jọ́ iwájú má baà kan án sára wáyà.

Ní balùwẹ̀, a mú kí ilẹ̀ dẹ̀ sí ojú ihò omi ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 fún mítà kan, a kun ohun tí ń dènà omi sí ilẹ̀ àti ara ògiri, a dí ihò náà, a sì da omi sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí táìlì kan tó wọlé. Ọ̀pọ̀ onílé ló máa ń ná owó sórí táìlì olówó gọbọi. Èmi ra èyí tí ó mọ níwọ̀n, mo sì fi owó tí ó kù sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí ayálégbé kò ní fojú rí láéláé.

Ohun tí ó kàn

Ọ̀dà ilẹ̀kùn àti fèrèsé àtijọ́ ni mo ń dúró dè. Mo ti bu díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí n lè mọ̀ bóyá òjé wà nínú rẹ̀, nítorí bí ó bá wà, a kò gbọdọ̀ fi sáńdípépà gbígbẹ ha á, pàápàá nínú ilé tí ọmọdé lè gbé. Bí èsì rẹ̀ bá ti dé, ilẹ̀kùn ibùgbé àkọ́kọ́ ni a ó kọ́kọ́ mú, kí a tó wá kan gọ́tà tuntun mọ́ ẹ̀yìn òrùlé.