Ọ̀rọ̀ "worry" yìí, ọrùn ló ti bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ Sunday, ilẹ̀ ti ṣú

Mo kàn fẹ́ kọ eléyìí sílẹ̀ kí n tó sùn torí ó ti ń yí lórí mi látàárọ̀. Ṣé ẹ mọ "worry" yìí, wọ́rì tó ti di Yorùbá sí wa lẹ́nu, "má wọ́rì," "kí ló ń wọ́rì ẹ"? Ìpìlẹ̀ ẹ̀ kì í ṣe ìrònú rárá o. Láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ṣáájú ọdún 1100, wyrgan ni wọ́n ń pè é, ohun tó sì túmọ̀ sí ni kéèyàn fún ẹlòmíì lọ́rùn. Àwọn ará Jámánì ṣì ní mọ̀lẹ́bí ẹ̀ lọ́wọ́ dòní, würgen, ọrùn náà ni wọ́n ń fún níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ ajá àti ìkookò: kí ẹranko fi eyín di àgùntàn mú lọ́rùn, kó máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì títí ẹ̀mí á fi bọ́. Ẹ lè ní ìtàn àtijọ́ nìyẹn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rìn dé ẹ̀yìn ìlú níbí, ní Yorkshire, ní England, tí mo wà yìí, ẹ máa rí i lára géètì oko pé kẹ́ ẹ so ajá yín mókùn torí "sheep worrying" lòdì sófin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ẹ̀rín pa mí, mo ní àgùntàn wo ló ń ronú owó ilé ìwé ọmọ! Òfin ọ̀hún wà láti ọdún 1953, kò sì dìgbà tí ajá bá gé àgùntàn jẹ, kó ṣáà ti lé e lọ́nà tó lè ṣe é léṣe, tàbí tí èyí tó lóyún lè fi sáré títí oyún á fi bà jẹ́, worry ti dé nìyẹn. Òfin míì tí wọ́n ṣe ní 1971 tiẹ̀ gba àgbẹ̀ láyè kó yìnbọn pa irú ajá bẹ́ẹ̀ tí kò bá sí ọgbọ́n míì tó lè fi dá a dúró, kó ṣáà ti sọ fún ọlọ́pàá láàárín wákàtí 48.

Ẹ wá wo bó ṣe ń ṣí kiri. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600, kéèyàn máa yọ ẹlòmíì lẹ́nu ló ti dà, lẹ́yìn ìyẹn ó wọnú ọkàn lọ, kí nǹkan máa da èèyàn láàmú. Àfi ìgbà tó di àwọn ọdún 1800 ni wọ́n tó wá ń sọ pé èèyàn kan jókòó sílé ẹ̀, òun nìkan, ó ń worry. Ibẹ̀ ni mo ti dúró, torí láti ọjọ́ yìí wá, ajá ló ń worry, àgùntàn ni wọ́n ń worry, àfi bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ ajá lé àgùntàn lọ́wọ́. Gbogbo ayé wá ń sọ fún àgùntàn pé kó yéé ṣe bẹ́ẹ̀.

Lédè tiwa, nǹkan ọ̀hún ṣì ń wá bá èèyàn láti ìta: ìdààmú bá mi, ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé a ní "mò ń ṣàníyàn," ẹ má bá mi jà, àmọ́ ta ló ń sọ ìyẹn tí kì í ṣe pé ó ń ka Bíbélì?

Ohun tó gbé gbogbo èyí wá ni pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún màmá mi nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo ìgbà tí mo bá pe bọ̀ọ̀dá mi, "má wọ́rì, kò sí wàhálà," mo ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n ti ṣe é?" wọ́n ní "mo ní o má wọ́rì." Alẹ́ àná ni wọ́n tó wá là á mọ́lẹ̀ pé BP màmá ga, dókítà ní kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú kí BP kọ́kọ́ wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò dáa tó nìyẹn o, síbẹ̀ mo sùn fọnfọn. Ajá tó ń lé mi ti ní orúkọ.

(Ní Naija ṣá, ká máa ṣọ́ra fún "don't worry." Tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá sọ ọ́ lórí ṣéńjì, ẹ ti mọ ibi tí owó yín lọ. Tẹ́ni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ bá wá fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́, tó tún ń mi orí, ẹ tètè bẹ̀ ẹ́.)

Ẹ sì wò ó, "anxious" náà, ọrùn náà ni! Látinú angere èdè Látìn ló ti wá, kí wọ́n fún nǹkan pọ̀, angina (kí àyà máa fúnni pọ̀) àti Angst (ìbẹ̀rù) àwọn ará Jámánì sì jẹ́ ìbátan ẹ̀. Mi ò rò pé ó ṣèèṣì. Gbogbo ìgbà tí mò ń dúró de ìpè láti ilé, bí ẹni pé ẹ̀kọ há mi lọ́fun ni, mo gbé itọ́ mì, kò lọ, mo mumi, ó ṣì wà ńbẹ̀. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, globus ni wọ́n ń pè é, kò sí nǹkan kan lọ́fun yẹn lóòótọ́, iṣan ibẹ̀ ló máa ń fún pọ̀ tí ọkàn ò bá balẹ̀.

"Fret" (òun náà ni kéèyàn máa dààmú) nìkan ni tiẹ̀ yàtọ̀, ẹnu ni tiẹ̀. Fretan láyé àtijọ́ ni kí nǹkan jẹ nǹkan tán, fressen tí àwọn ará Jámánì fi ń sọ bí ẹranko ṣe ń jẹun ni ìbejì ẹ̀. Èyí tiẹ̀ jọ tiwa, torí ohun tí màmá mi máa ń bi mí tóhùn mi ò bá dáa lórí fóònù nìyẹn, "kí ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn?" wọn ò sì ní gbé fóònù sílẹ̀ títí màá fi dárúkọ ẹ̀. Ọjọ́ Tuesday ni wọ́n máa tún BP wọn yẹ̀ wò, àwọn fúnra wọn ni màá pè.