Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, ẹ gba owó gbà-má-bínú yín

Tí ọmọ Yorùbá bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ níbí, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé ni, “Fara dà á o, kí wọ́n má lọ gba físà lọ́wọ́ ẹ.” Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bà mí nínú jẹ́. Òun ló ń mú kí àwọn tó ń tọ́jú arúgbó gbé paracetamol mì, kí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀yìn tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́.

Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Èmi àti àbúrò kan, ọmọ Ìbàdàn, la jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Èèyàn méjì ló yẹ kó máa lo ẹ̀rọ tí a fi ń gbé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ òun nìkan ni wọ́n fi síbẹ̀. Ibi tó ti ń yí màmá arúgbó náà, kó lè ki aṣọ ẹ̀rọ náà bọ abẹ́ wọn, ni ẹ̀yìn ẹ̀ ti dún kọ́. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, òógùn bò ó. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọ̀gá.”

Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti kọ ọ́ sínú ìwé ìjàǹbá: aago, yàrá, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, àti orúkọ mi. Mo ní kó fi fóònù ya ojú ìwé náà. Ibiṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní irú ìwé yìí. Tí ìpalára náà ò bá sì jẹ́ kéèyàn lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ fún ohun tó ju ọjọ́ 7 lọ, òfin RIDDOR ní kí agbanisíṣẹ́ fi tó àwọn aláṣẹ létí.

Físà ọ̀pọ̀ nínú wa ka owó ìrànwọ́ ìjọba léèwọ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó gbà-má-bínú kì í tàpò ìjọba wá. Òfin ọdún 1969 ló pọn ọ́n ní dandan fún agbanisíṣẹ́ láti ní ìdójútòfò fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, iye tí ìdójútòfò náà lè kájú kò sì gbọdọ̀ dín ní £5 million. Iléeṣẹ́ adójútòfò ló ń sanwó, tí ẹ bá ti lè fi hàn pé àìbìkítà agbanisíṣẹ́ ló fà á. SSP, ìyẹn owó tí agbanisíṣẹ́ ń san fún òṣìṣẹ́ tára ẹ̀ ò yá, tó lè tó ọ̀sẹ̀ 28, náà ò sí lára èèwọ̀ físà.

Mi ò sọ pé ẹ̀rù yẹn ò nídìí. Agbanisíṣẹ́ tó níkà nínú lè wá ẹ̀sùn míì sí yín lọ́rùn. Síbẹ̀, òfin ò gbà kí wọ́n lé èèyàn torí ó sọ pé ibiṣẹ́ léwu, ẹjọ́ yín ò sì kú bẹ́ ẹ tiẹ̀ ti padà sí Nàìjíríà.

Ọdún 3 látọjọ́ tẹ́ ẹ ṣèṣe lẹ ní láti fi pe ẹjọ́. Tó bá jẹ́ àìsàn tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé, ìgbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ló fà á ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Àwọn lọ́yà kan wà tí kì í gba kọ́bọ̀ tí ẹ ò bá jàre; ẹ ka àdéhùn wọn dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bíi UNISON máa ń gba lọ́yà fún ọmọ ẹgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, torí náà ẹ ti wọ̀ ọ́ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ GP, ẹ má kàn sọ pé ẹ̀yìn ń dùn yín. Ẹ ní ẹnu iṣẹ́ lẹ ti ṣèṣe, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí lọ́yà máa béèrè ìwé yẹn.