Shamian: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ fún ẹni tó bá ráyè ní Guangzhou

Àwa tí ọjà ń gbé lọ sí Guangzhou ní Ṣáínà, àdúgbò ọjà bíi Xiaobei àti Sanyuanli nìkan ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Tí ẹ bá ń dúró kí wọ́n parí ẹrù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gbogbo ọjọ́ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dé ibùdókọ̀ Huangsha, ẹ wá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Shamian, erékùṣù kékeré kan tó wà létí odò.

Àmọ́ ẹ má tètè sọdá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn gorí afárá, ó di fọ́tò yíyà níwájú ilé òyìnbó. Èmi ní kí ẹ kọ́kọ́ dúró ní òdìkejì, ní títì Liuersan, kí ẹ wo omi tóóró tó wà láàárín yẹn dáadáa. Èèyàn ló gbẹ́ ẹ. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìbọn gba ìlú náà, ilẹ̀ oníyanrìn etí odò yìí bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1859, wọ́n sì fi omi pààlà sáàárín ara wọn àti onílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mú ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, Faransé mú ìyókù. Láyé ìgbà yẹn, bó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á ti afárá pa. Ọdún méjì lẹ́yìn 1859 yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùmú, ẹ ò rí i pé a jọ mọ̀ wọ́n ni!

Títì tí ẹ dúró sí yẹn, ọjọ́ ikú ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: Liuersan ni "mẹ́fà, méjì, mẹ́ta" lédè wọn, ìyẹn oṣù kẹfà, ọjọ́ 23. Ní 23 oṣù kẹfà 1925, àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ́de kọjá níbẹ̀, ni ìbọn bá ń dún láti Shamian. Àwọn tó kú lé ní 50.

Ẹ wá sọdá wàyí. Erékùṣù náà ò gùn ju bíi 900 mítà lọ, ẹni tó bá ń kánjú á yí i ká kíá, kò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ jókòó sábẹ́ igi ńláńlá ibẹ̀. Mo rí bàbá àgbà kan tó ń ki búrọ́ọ̀ṣì gígùn bọ omi, tó fi ń kọ̀wé sórí òkúta ilẹ̀. Kó tó dé ìlà kẹta, oòrùn ti fa ti àkọ́kọ́ gbẹ. Bàbá ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kékeré ti àwọn Faransé náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn ìyàwó tó ń ya fọ́tò kì í jẹ́ kéèyàn ráyè wò ó. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló dáa.

Ní tèmi, mi ò kì í jẹun lórí erékùṣù yẹn, ó wọ́n. Ẹ padà sọdá sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Qingping, níbi tí wọ́n ti ń ta egbòogi gbígbẹ rẹpẹtẹ, kí ẹ wá ilé tíì kan wọ̀. Bí wọ́n bá bu tíì fún yín, ẹ fi ìka méjì kan tábìlì, wọ́n á mọ̀ pé ẹ dúpẹ́. Kí Alipay, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó, ṣáà ti wà lórí fóònù yín, torí owó bébà máa ń sú wọn.