Kí Ọmọ Girama Tó Sọ Pé Òun Á Dá Òwò Sílẹ̀, Ẹ Jẹ́ Kó Tajà Gidi

Ẹ bi ọmọ girama léèrè iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ́la, yóò dárúkọ dókítà, agbẹjọ́rò, ẹnjiníà. Ó mọ ìdánwò tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó débẹ̀. Òwò kò ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ náà kì í fi í kà á mọ́ iṣẹ́. Lójú tirẹ̀, ohun tí èèyàn ń fàbọ̀ sí nígbà tí iṣẹ́ ò sí ni, tàbí ohun tó ń sọni di olówó òjijì. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ gidi ni, ó ní ìmọ̀ tirẹ̀, ó sì ní ìyà tirẹ̀. Pípe olówó ńlá wá sọ̀rọ̀ ìwúrí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò lè fi í han ọmọ. Kí ó fi ọ̀sẹ̀ 8 ta ọjà gidi fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló lè fi í hàn án.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Láti 1919 ni ẹgbẹ́ Junior Achievement ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n sì fi mọ̀ wọ́n jù ni pé kí àwọn ọmọ dá ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀, kí wọ́n ta ìpín rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ dá owó sí i, kí wọ́n ṣe ọjà, kí wọ́n tà á, kí wọ́n sì tú u ká níparí. Ẹ má fojú di títú u ká yẹn. Ọjọ́ ìparí tí gbogbo wọn mọ̀ ló ń jẹ́ kí ìṣirò owó parí síbì kan.

Ọmọ 4 tàbí 5 ló dára nínú ẹgbẹ́ kan. Tí wọ́n bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹni méjì á máa ṣiṣẹ́, àwọn yòókù á máa wòran. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ètò òwò olójú ewé 30. Àròkọ lásán ni yóò dà. Saras Sarasvathy, onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa òwò, gbé ìṣòro kan náà ka iwájú àwọn 27 tí wọ́n ti mọ òwò dídá sílẹ̀ dunjú, ó sì ní kí wọ́n máa sọ èrò ọkàn wọn síta bí wọ́n ṣe ń yanjú rẹ̀. Ní 2001 ló tẹ àlàyé rẹ̀ jáde: ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ohun tí wọ́n mọ̀, àti ẹni tí wọ́n mọ̀. Wọn kì í kọ́kọ́ béèrè pé èló làwọn á jèrè. Èló làwọn lè pàdánù kó má dun àwọn jù ni wọ́n ń bèèrè. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun mẹ́ta yẹn sílẹ̀ fún ara rẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì fẹnu kò lórí iye tí wọ́n lè pàdánù, kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe máa pín èrè sílẹ̀, kí wọ́n tó ra ohunkóhun.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá èèyàn 10 sọ̀rọ̀. Ibí yìí ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́. Àwọn ọmọ á béèrè pé, “Ṣé ẹ máa rà á?” Ta ló fẹ́ já ọmọdé kulẹ̀? Gbogbo ayé á ní bẹ́ẹ̀ ni, tí ọjà bá sì dé, kò sẹ́ni tó máa yọ owó. Ìbéèrè tó wúlò ni: “Ìgbà wo ni ìṣòro yìí bá yín kẹ́yìn? Kí lẹ ṣe sí i? Èló lẹ ná?” Ẹni tí kò náwó, tí kò sì fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lórí ìṣòro kan, ìṣòro náà kò tíì dùn ún tó.

Ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù wà nínú ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ kan ń fọwọ́ rán ìwé àkọsílẹ̀. Owó bébà fún ìwé kan jẹ́ 30, ẹ̀yìn ìwé 20, òwú àti gọ́ọ̀mù 10: àpapọ̀ 60. Wọ́n ń tà á ní 100, 40 ló ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ná 1,200 sórí ọ̀bẹ, rúlà, abẹ́rẹ́ àti páálí ìpolówó kí wọ́n tó rán ẹyọ kan. Ẹ pín 1,200 sí 40, ẹ ó rí 30. Ìyẹn ni pé tí wọ́n bá ta 30, ojú owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n ni èrè ti bẹ̀rẹ̀. Wàyí o, oníbàárà ná ọjà, wọ́n dín in sí 80. Ọmọ á ní ìdá kan nínú márùn-ún péré lòun yọ. Ṣùgbọ́n 20 ló kù lórí ẹyọ kan báyìí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ta 60 kí ojú owó tó wọlé. Ìlọ́po méjì! Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣírò rẹ̀ títí yóò fi yà wọ́n lẹ́nu. Bí wọ́n bá dúró sí 100, tí ẹyọ kan nínú 10 sì ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, 30 tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà náà á di 36, torí owó tí wọ́n fi ṣe èyí tó bàjẹ́ ti lọ. Kí wọ́n tún wo wákàtí: bí ìwé kan bá gba ààbọ̀ wákàtí, 80 ni wákàtí kan ń mú wá, kí wọ́n tó yọ 1,200 tí wọ́n ná sórí ọ̀bẹ, rúlà àti ìyókù.

Ìwé owó kò gbọ́dọ̀ le. Ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, owó tó wọlé, owó tó jáde, ohun tó kù. Àwìn ní ojú ewé tirẹ̀, torí ọjà tí wọ́n ta láwìn kò tíì di owó. Kí ẹni méjì ka owó tí wọ́n bá ṣíwọ́, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Bí owó kò bá bá ìwé mu, kí ẹnikẹ́ni má fi owó àpò rẹ̀ dí i. Kí wọ́n kọ ohun tó dín sílẹ̀, kí wọ́n wá ibi tó gbà lọ. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé ọmọ á rí 900 nínú àpótí, á pè é ní èrè, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú owó.

Ẹ ní kí wọ́n ṣe 10 péré ná, kí wọ́n lọ tà á, kí wọ́n tó ṣe 50. Ó kéré tán, kí ìdajì àwọn tó rà á jẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kò mọ̀ rí. Òbí á rà á nítorí ọmọ rẹ̀, olùkọ́ á rà á nítorí ojú. Ìyẹn kò sọ nǹkan kan nípa ọjà. Ẹni tí kò rà á, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an sílẹ̀, kì í ṣe ìtumọ̀ tí àwọn fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi èrè fún wọn ní máàkì. Tí èrè bá di máàkì, òbí ni yóò ra gbogbo rẹ̀. Ìwé owó, àkọsílẹ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀, àti ohun tí wọ́n yí padà lẹ́yìn tí oníbàárà kọ̀ ni kí ẹ fi fún wọn ní máàkì. Ẹ má bá wọn yan ọjà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yáwó.

Kí iṣẹ́ máa yí láàárín wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì: ríra ohun èlò, ṣíṣe ọjà, títà, ìwé owó. Ẹni tó lóhùn jù kọ́ ló yẹ kó jẹ́ ọ̀gá ní gbogbo ìgbà. Ìgbà yìí ni ọmọ máa rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ gbé dùn, òmíràn á sì rí i pé òun kò fẹ́ iṣẹ́ yìí rárá. Àbájáde rere nìyẹn náà. Ẹ sọ fún wọn pé kò di dandan kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 18. Ọ̀pọ̀ ló kọ́kọ́ ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti ń ra ọjà àti ohun tó ń tètè bàjẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan ń gba òwò tó ti wà tẹ́lẹ̀, àwọn kan ń bá ọ̀rẹ́ dòwò pọ̀, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tó sọ ohun tí kálukú mú wá àti bí ẹni tó bá fẹ́ lọ yóò ṣe lọ. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé oníṣòwò ló sábà ń gba owó kẹ́yìn, lẹ́yìn òṣìṣẹ́ àti ẹni tó kó ọjà fún un. Bí ẹ bá fẹ́ pe àlejò, ẹ pe ẹni tó ti ń ṣòwò fún ọdún 2 sí 5, kí àwọn ọmọ bi í pé oṣù wo ni owó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ló sì ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kí wọ́n san owó tí wọ́n bá jẹ àwọn tó kó ọjà fún wọn ná, kí wọ́n dá ojú owó padà fún àwọn tó fi sílẹ̀, kí wọ́n sì pín ohun tó kù bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Bí àdánù bá wà, ọ̀nà kan náà ni kí wọ́n gbà pín in. Kí ẹni tó di ìwé owó mú gbẹ̀yìn dìde, kí ó kà á sókè níwájú gbogbo àwọn tó dá owó.