Omi méjì ní Ìkógòsì

Ìdájí Sátidé la gbéra n'Ìbàdàn, èmi, Màámi àti àbúrò mi tó ń wa ọkọ̀. Nígbà tí a dé Gbọ̀ngán, ọ̀rọ̀ pa mọ́ Màámi lẹ́nu. Ibẹ̀ ni Màmá Àgbà, ìyálé wọn, ń gbé. Ó tó ọdún mẹ́ta tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. A ò bi wọ́n léèrè. A gba Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá.

Kí a tó rí omi Olúmirin tó ń já láti orí òkè la ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Àwọn ará Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní Akinlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí omi náà. Ìpele méje ló ní. Ní ti àkọ́kọ́, omi ń já láti orí àpáta, ó ń fọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ síni lójú, aṣọ mi sì ti rin kí n tó sún mọ́ ọn. Màámi jókòó sórí òkúta. Orúnkún wọn ò gba òkè mọ́.

Òjò ti rọ̀ lálẹ́ Ẹtì, àpáta ń yọ̀ bí ẹni fi ilá kùn ún. Ní ìpele kẹta, ọmọkùnrin tó ń fọ̀nà hàn wá ní ká padà. Ó dùn mí gan-an, torí láti kékeré ni mo ti ń ronú ìpele keje. Ìgbà tí a sọ̀kalẹ̀, Màámi ti ṣa ọ̀rá píọ́ wọ́tà táwọn èèyàn dà sílẹ̀ kún báàgì kan. Inú ń bí wọn. "Ṣé báyìí lèèyàn ń ṣe omi tó dára tó báyìí?" Èmi náà gbé báàgì kejì.

A gba Ẹ̀fọ̀n-Aláayè wọ Èkìtì, a sùn ní Ìkógòsì. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú la lọ síbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Èyí tó gbóná ń ru jáde ní nǹkan bí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n kó tó dé ìpàdé, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọkùnrin tó mú wa káàkiri níbẹ̀ sọ ìtàn ọdẹ kan tó fẹ́ ìyàwó méjì, ọ̀kan onínúfùfù, ìkejì oníwà pẹ̀lẹ́. Wọ́n jà títí wọ́n fi di omi.

Màámi ti ki ẹsẹ̀ bọ omi, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. "Ọmọ mi," ni wọ́n sọ fún un, "ta ló bi èyí tó gbóná léèrè ohun tí wọ́n ṣe fún un?"

Ọmọkùnrin náà ò rí èsì fọ̀. Màámi pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n bu omi ìpàdé náà sínú ìgò, wọ́n ní ká yà ní Gbọ̀ngán bí a bá ń padà.

Ó ti tutù kí a tó débẹ̀. Màámi gbé ìgò náà lé itan ní gbogbo ọ̀nà, wọn ò jẹ́ kí n bá wọn gbé e.